Ọkọ̀ Ìrọ̀lẹ́ sí Tarkwa Bay

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi wá léèrè, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tí ó ń bàlágà, pé níbo ni ènìyàn lè kó ìdílé rẹ̀ lọ ní Èkó láti sinmi, níbi tí kì í ṣe ilé ọtí, tí kò sì ní gba gbogbo owó oṣù lọ́wọ́ ẹni. Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté CMS, kí ẹ lọ sí Tarkwa Bay ní ọ̀sán, kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ jẹ ẹja yíyan, kí ẹ sì padà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀. Àwa pẹ̀lú ìdílé wa lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn ọdún 2023. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lọ láì ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé wákàtí tí omi Èkó dára jù lọ láti wò, òun náà ni wákàtí tí ó yẹ kí ènìyàn ti máa kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ti rí. Àwọn baba wa kì í da ọ̀sà pọ̀ mọ́ òkun. Òkun ni omi iyọ̀ tí a kò rí òpin rẹ̀, tí ìgbì rẹ̀ kì í sinmi tọ̀sán tòru. Ọ̀sà ni omi tí ilẹ̀ yí ká, tí ó tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Ọ̀sà Èkó lé ní 200 kìlómítà níbùú lóròó, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ ni kò jìn ju ìdúró àgbàlagbà kan tàbí méjì lọ. Nígbà òjò, omi odò Ògùn àti ti àwọn odò mìíràn a máa ṣàn wọ inú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ a sì dínkù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu ọ̀nà wọlé, iyọ̀ a sì padà dé. Ewéko tí ń léfòó, tí a kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní 1984, tí ó máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó sì ń há mọ́ ẹ́ńjìnnì, kì í fẹ́ràn iyọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó rọrùn jù láti rin omi náà.

Tarkwa Bay kì í ṣe ọ̀sà gan-an, kì í sì ṣe òkun gbalasa. Apá òkun kan ni, ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó, tí a fi òkúta sé ìgbì mọ́ níta, tí ó wá rọlẹ̀ bí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń gbé ènìyàn débẹ̀. Kò sí afárá, mọ́tò kò lè débẹ̀, ariwo kọ̀ǹdọ́kítọ̀ kò sì sí. Èyí nìkan tó fún ìsinmi.

Ẹni tí ó bá débẹ̀ lónìí, tí ó rí bí omi náà ti dákẹ́, yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹnu ọ̀nà Èkó jẹ́ ibi ìbẹ̀rù fún àwọn atukọ̀. Yanrìn tí òkun ń gbé kiri a máa kó jọ sí ẹnu ibẹ̀, a sì máa sún láti ibì kan sí ibòmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá kò lè wọlé. Ẹni tí ó bá ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ wá sí Èkó nígbà náà, Forcados ní ìhà Delta ni yóò ti bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé e wálé. Òkìtì yanrìn abẹ́ omi yẹn ni àwọn òyìnbó ń pè ní "bar", òun ni ó sì fi orúkọ sílẹ̀ fún Bar Beach. Kì í ṣe ilé ọtí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará wa ti rò tí wọ́n fi ń bá ibẹ̀ wí lórí pẹpẹ.

Láti nǹkan bí 1908 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí da òkúta sínú òkun ní ẹnu ọ̀nà náà, ní apá ìlà oòrùn, lẹ́yìn náà ní apá ìwọ̀ oòrùn, títí ó fi di ògiri gígùn méjì tí ó na ọwọ́ sínú òkun. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń kó òkúta náà wá láti ìhà Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwa tí a jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá sọ èyí fún àwọn ọmọ wa, àbíkẹ́yìn wa ní, "Dádì, a jẹ́ pé àpáta ilé yín ni ó ń gba àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ìgbì." Òótọ́ ni ó sọ. Lẹ́yìn ògiri ti apá ìwọ̀ oòrùn yìí ni Tarkwa Bay fara pamọ́ sí.

Àmọ́ bí a bá dí omi ní ibì kan, yóò wá ibòmíràn gbà. Yanrìn etíkun wa, láti ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń gbé e lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí ògiri òkúta dá a dúró, ó kó jọ sí apá Lighthouse Beach, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n apá kejì tí kò rí yanrìn gbà mọ́ ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Apá kejì náà ni Bar Beach. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí bí omi ti ń ya wọ òpópónà Ahmadu Bello ní Victoria Island lọ́dọọdún. Àwa tí a ti gba àwẹ̀, tí a sì ti ṣe àdúrà òru lórí yanrìn Bar Beach nígbà èwe wa, kò sí ibi tí a lè nàka sí mọ́ pé ibí ni a kúnlẹ̀ sí. Ìlú Eko Atlantic ni wọ́n ti ń kọ́ sórí omi náà, lẹ́yìn ògiri mìíràn. Ní oṣù Kejì 2013 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ilẹ̀ náà, tí Bill Clinton tí ó ti fìgbà kan jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà sì wà níbẹ̀. Ohun tí òkúta fún Tarkwa Bay, ọwọ́ Bar Beach ni ó ti gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò dá. Àwọn ènìyàn ń gbé ní Tarkwa Bay, wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ní oṣù Kínní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde láàárín àkókò díẹ̀, wọ́n sì wó ilé wọn. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn kan ń bẹ́ páìpù epo ní àdúgbò náà. Ó lè jẹ́ pé olè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ kì í bẹ́ páìpù. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ bá rí obìnrin tí ń yan ẹja tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gé àgbọn, ẹ ra ọjà wọn, kí ẹ má sì ná an títí yóò fi di ìyà. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó mọ ohun tí à ń pè ní kí ilẹ̀ mọ́ báni lórí yanrìn.

Ìdí tí ó fi pẹ́ kí ìdílé wa tó lọ ni pé ìyá àwọn ọmọ wa kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ ìhà Ẹ̀pẹ́ ni, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí. Ní 1979, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún wọ ọkọ̀ láti òdìkejì ọ̀sà padà wá sílé lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ kan. Ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ sùn sí òdìkejì. Gẹdú ni ọkọ̀ náà kọlù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀sà yìí mọ̀ pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onígẹdú ti ń so igi pọ̀ lórí omi, tí wọ́n sì ń fà á lọ nígbà náà sí Òkóbàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta níbi tí wọ́n ti ń là á. Igi tí ó bá já kúrò nínú wọn a máa léfòó káàkiri, ìdajì rẹ̀ a sì wà lábẹ́ omi. Ní ọ̀sán, awakọ̀ á rí i, á sì yà fún un. Ní òru, imú ọkọ̀ ni ó máa ń rí i. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n tó rí ẹ̀gbọ́n náà.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni a ti ṣe ìgbéyàwó nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ kí gbogbo wa lọ sí Tarkwa Bay. A wò ó títí. Ó ní àwọn ọmọ ń lọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn láì sọ fún òun nítorí wọ́n mọ̀ pé òun yóò kọ̀, àti pé kàkà kí wọ́n máa yọ́ lọ, ó sàn kí òun mọ ọ̀nà ibẹ̀. A kò fi kún ọ̀rọ̀ yẹn. A bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ mọ́.

Ìpalẹ̀mọ́ wa kò pọ̀, a ó sì sọ ọ́ fún yín. A kọ́kọ́ mọ wákàtí tí oòrùn yóò wọ̀. Ní Èkó, ìyàtọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún kò pọ̀: ní oṣù Kọkànlá, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni, ní oṣù Keje, aago méje a ti kọjá díẹ̀. Ní òpin oṣù Kejìlá tí a lọ yìí, ní nǹkan bí aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni. Ohun tí àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n máa ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá wálé ni pé òkùnkùn tiwa kì í falẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ojú ọjọ́ lè mọ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Lọ́dọ̀ wa, láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ìjọba pàápàá kò fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ èrò máa rìn lórí omi lóru. Àjọ LASWA ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, àti àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1997, ń kéde rẹ̀ léraléra, wọ́n sì ń kìlọ̀ pé kí gbogbo èrò wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà a ka wákàtí náà sẹ́yìn: kí á ti wà nínú ọkọ̀ ní aago mẹ́fà, kí á gúnlẹ̀ sí CMS kí oòrùn tó wọ̀ tán.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì yìí, ìyẹn ẹ̀wù amúniléfòó, ẹ má ṣe jókòó lé e, ẹ má sì ṣe gbé e lé orókò bí àpò. Ara ènìyàn àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó wà láàárín kí imú yọ sókè omi àti kí ó má yọ. Fóòmù inú ẹ̀wù náà ni ó ń fi ìwọ̀nba yẹn kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ti àgbàlagbà wọ ọmọdé, omi yóò gbé ẹ̀wù sókè, ọmọ náà yóò sì yọ̀ bọ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbé ọmọ náà dúró, ẹ di ìdè rẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ fa èjìká ẹ̀wù náà sókè. Bí ó bá kan etí rẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Àwa mú ti àbíkẹ́yìn wa láti ilé.

Ohun kejì ni pé ẹni tí ń rì kì í pariwo. Inú sinimá ni wọ́n ti ń kígbe tí wọ́n ń juwọ́. Ẹni tí omi ń gbé lọ ní tòótọ́, ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ lókè omi tó láti mí dáadáa, áńbọ̀sì kí ó kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ni. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń bu ìrẹsì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sínú omi káàkiri ayé ní 2021, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nítorí náà a yan ẹnìkan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo omi lọ. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Àkọ́bí wa obìnrin ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ó sì ṣe é bí ọlọ́pàá.

A gbéra ní CMS ní aago méjì ọ̀sán. Ìyá àwọn ọmọ wa di ọwọ́ wa mú títí egungun fi ń dùn wá. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Marina àti àwọn ilé gogoro Èkó ń dínkù lẹ́yìn wa, Apapa sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù tí ó ga bí ọmọ òrìṣà inú ìtàn. Ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà yìí, wọ́n ti gbẹ́ ẹ jìn ju mítà mẹ́wàá lọ, kò dàbí ìyókù ọ̀sà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lára wa. Ìgbì tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ kì í dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti kọjá tán kí ó tó dé bá wa. Awakọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìlàjẹ kan, dín iná kù, ó sì kọ imú ọkọ̀ sí ìgbì náà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù, a ó kàn fò díẹ̀ ni." A fò díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sunkún.

Omi Tarkwa Bay ní ọ̀sán ọjọ́ náà lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì mọ́ tó kí ènìyàn rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n orókún. Àwọn ọmọdé pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú táyà mọ́tò. Ní apá kejì ògiri òkúta, níbi tí òkun ti ń ru, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń fi pákó gun ìgbì. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe gidigidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí àlejò ń lúwẹ̀ẹ́ sí. Omi etíkun gbalasa bẹ́ẹ̀ a máa ní ojú ọ̀nà tóóró tí ó ń gbà padà sínú òkun, èyí tí kò sí apá tí ó lágbára tó láti bá a jà. Bí ó bá gbé ọmọ yín, ẹ kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé kí ó má ṣe lúwẹ̀ẹ́ kọjú sí i, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ ó sàn kí ẹ má ṣe lọ síbẹ̀ rárá.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ìyá àwọn ọmọ wa ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì wọ inú omi. Ó dúró nígbà tí omi dé orókún rẹ̀. Ó dúró pẹ́. Àbíkẹ́yìn wa fẹ́ lọ fa ọwọ́ rẹ̀, a ní kí ó jẹ́ kí ó wà. Lẹ́yìn náà ó bu omi, ó fi wọ́n ojú, ó sì jáde wá jẹ ẹja.

Oòrùn kì í wọ̀ sínú omi lójú ẹni tí ó bá jókòó ní Tarkwa Bay. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni ibẹ̀ kọjú sí, ní ìlà oòrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, ni oòrùn ń wọ̀ sí. Òjìji a tètè bo yanrìn ibẹ̀, òtútù a sì bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọmọ tí ara wọn tutù. Orí omi, nínú ọkọ̀ tí ń padà bọ̀, ni a ti ń rí ẹwà rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ èyí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń fẹ́ padà ní wákàtí kan náà.

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ni a dé etí omi. Ọkọ̀ wa dé, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ kan ti wà níbẹ̀, àwọn mọ́kànlá pẹ̀lú alàgbà kan tí ó ṣáájú wọn, ọkọ̀ tiwọn kò sì tíì dé. Wọ́n bẹ awakọ̀. Awakọ̀ wo ojú ọ̀run, ó wo owó, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí á fún ara wa ní àyè. Ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Bí ẹ bá sún mọ́ra, yóò gbà wá."

Kí àwa tó la ẹnu, ìyá àwọn ọmọ wa bèèrè, "Ọmọ mi, ẹ̀wù mélòó ni ó wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Méjìlá ni, Mọ́mì."

"Àwa mélòó ni ó wà níbí?"

Awakọ̀ kò dáhùn. Àwa mẹ́fà àti àwọn méjìlá jẹ́ méjìdínlógún.

Alàgbà náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ọmọ Ọlọ́run ni gbogbo wa. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bo ọkọ̀ yìí. A kò ní rí ibi." Àwọn ọ̀dọ́ ṣe àmín.

Àwa náà ṣe àmín, nítorí kò sí ẹni tí ń kọ àdúrà. Ṣùgbọ́n a sọ fún alàgbà náà pé nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Pọ́ọ̀lù wà nínú ọkọ̀ tí ó fẹ́ kúrò ní èbúté nígbà tí àkókò ìrìn àjò omi ti kọjá. Kò sí ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ jù ú lọ nínú ọkọ̀ náà. Òun gan-an ni ó ní kí wọ́n má ṣe lọ. Balógun ọ̀rún gba ti awakọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ gbọ́ ju tirẹ̀ lọ, ọkọ̀ náà sì fọ́. Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wọn sí, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ó ti rí omi gan-an kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí ó kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ ti rì mọ́ òun.

Alàgbà náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Pásítọ̀, kí ni kí á ṣe nígbà náà? Bí ẹ bá lọ, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níbí." Ìbéèrè gidi ni. Bí a bá kó gbogbo wa sọ́kọ̀, ó ti pọ̀ jù. Bí a bá pín, ẹnìkan yóò dúró de òkùnkùn. A wo ìyá àwọn ọmọ wa, àwọn ọmọ náà wò ó. Òun ni ó ní ẹ̀rù omi nínú gbogbo wa, òun ni kò yẹ kí ó pẹ́ sí etí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ. Àwọn méjìlá ni wọ́n, ẹ̀wù méjìlá ni ó wà. Ìyá wọn ń wo ọ̀nà. Àwa yóò dúró de ọkọ̀ wọn tí ń bọ̀. Bí kò bá dé kí oòrùn tó wọ̀, a ó sùn síbí." Ó yíjú sí wa, ó ní, "Àbí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Alàgbà náà fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí ohun kan sọ. Ó gba ẹ̀wù, ó wọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí di ìdè àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A wò wọ́n títí ọkọ̀ fi kéré lójú wa. Obìnrin kan tí ń yan ẹja gbé bẹ́ńṣì wá fún wa, ó ní bí ọkọ̀ kò bá dé, àyè wà ní àtíbàbà òun, òun yóò sì fún wa ní ẹní. Ìyá àwọn ọmọ wa bi í léèrè iye ọmọ tí ó bí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti mọra tipẹ́. Àwa ń wo aago.

Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Erùpẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbé wá láti ìhà aṣálẹ̀ bo ojú ọ̀run, tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ti pọ́n bí epo pupa kí ó tó wọ̀, ènìyàn sì lè tẹjú mọ́ ọn láì dijú. Ó wà láàárín àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù ti Apapa bí ọkọ̀ wa ti ń lọ, á fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kan, á tún yọ. Omi pọ́n láti ibẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ìyá àwọn ọmọ wa dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi nǹkan han ẹni tí ó jókòó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò di ọwọ́ wa mú mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ìdè ẹ̀wù àbíkẹ́yìn wa.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí CMS, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ó dúró lórí èbúté, ó ka ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ka àwa, ó wá bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀ fún awakọ̀. Àbíkẹ́yìn wa bi í léèrè ìgbà tí a ó tún lọ. Ó ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, àti pé aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni a ó ti gbéra.